Ẹ̀ka Tútù Lẹ́nu Ọ̀nà Olúkúlùkù

Lunca Seaca
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta

Lavinia ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé oorun ń kun ojú rẹ? Ṣé ara màmá àgbà tí ò ń tọ́jú ní Torino ti le díẹ̀? Bá mi kí wọn, kí o sì sọ fún wọn pé ẹni tó ń tọ́jú wọn náà ní ìyá nílé.

Èmi wà, mo ń dúpẹ́. Orúnkún ọ̀tún ń yọ mí lẹ́nu bó ti máa ń ṣe. Bí òjò bá fẹ́ rọ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Dumana màlúù wa ti bímọ, abo ni, ìyá àti ọmọ sì wà dáadáa. Ààwẹ̀ la wà, a kì í fẹnu kan wàrà, nítorí náà gbogbo ohun tó ń fún mi ló ń di wàràkàṣì de Àjíǹde. Nelu tó ń wa bọ́ọ̀sì yóò mú méjì wá fún ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Fóònù tí o rà fún mi wà nínú àpótí. Má bínú. Etí mi ò gbọ́ ọ, ńṣe ni mo kàn ń pariwo sí i bí ẹni tó ń lé adìẹ.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó kọ̀wé nìyí. Wọ́n ti fi wáyà yí ìdajì pápá ìjẹko wa ká, ìdajì ìsàlẹ̀ tí koríko rẹ̀ dára jù. Wọ́n ní igbó ni àwọn fẹ́ gbìn síbẹ̀, nítorí omíyalé àti ọ̀dá, kí ojú ọjọ́ lè rọ̀ wá lọ́rùn. Wọ́n lẹ bébà gbàràmù kan mọ́ ògiri ilé ìjọba ìbílẹ̀: "Ètò Ojú Ọjọ́: ti gbogbo wa ni." Mo bi Paraschiva aládùúgbò wa pé, "Gbogbo wa ta ni?" Ó wò mí tìkàtìkà. Ó ní, "Saveta, èmi kọ́ ni kí o bi. Bi ọmọ rẹ."

Ó ní orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí i wà lórí ẹ̀rọ ayélujára, àti pé tìrẹ ló ṣe ìkẹta.

Lavinia, ṣé òótọ́ ni? Mo lọ ra iyọ̀ lánàá, gbogbo ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ló pa dé lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ta ilẹ̀ bàbá wọn. Ìdajì pápá ò lè gba gbogbo màlúù abúlé. Wọ́n ní àwọn tó ní mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni yóò kọ́kọ́ wọlé, kí àwa tá a ní ẹyọ kan máa wòran. Bí Dumana ò bá bá agbo jáde lọ́jọ́ Jọ́ọ̀jì Mímọ́, ọjọ́ tí agbo ń kọ́kọ́ jáde lọ́dún, kí ni mo fẹ́ fi bọ́ ọ? Aṣọ ìkélé?

Sọ fún wọn kí wọ́n yọ orúkọ rẹ kúrò. Bí o bá sì rí bàtà òjò tó ga dé orúnkún, bá mi rà á, ti àtijọ́ ti ń mu omi. Òróró ìpara tó ń gbóná yẹn náà ti tán.

Èmi ni ìyá rẹ,
Saveta


Torino
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹta

Màmá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀ o. Ẹ kú ewu ọmọ tuntun tí Dumana bí. Wàràkàṣì dé láìfọ́. Signora Ottavia, màmá àgbà tí mò ń tọ́jú, tí kì í jẹ ju ṣíbí mẹ́ta lọ jẹ ìdajì ọ̀kan, ó ní kí n bá òun bi yín bóyá ẹ lè gba òun ṣọmọ. Mo ní ẹ kì í gba ọmọ tó dàgbà jù yín lọ.

Màmá, òótọ́ ni. Èmi ni mo tẹ "bẹ́ẹ̀ ni". Mi ò ní purọ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, mo ń fi ọwọ́ kan fún Signora ní ọbẹ̀, ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwa ọmọ abúlé tó wà níta yọ lójú fóònù mi. Wọ́n ní igi yóò mú omi dúró. Kí ni ẹ rò pé mo rántí? Alẹ́ tí odò kún ní ọdún méjì sẹ́yìn ni mo rántí, tó gbé afárá lọ, tó gbé ilé Zambila ìyàwó darandaran lọ pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò. Ẹ̀yin wà lórí tábìlì ilé ìdáná, èmi wà níbí, mo ń pè, ẹ ò gbé e. Ilẹ̀ mọ́ kí n tó mọ̀ pé ẹ wà láàyè. Mo tẹ̀ ẹ́, Màmá. Bí wọ́n bá ní kí n tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́wàá, mo máa tẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ńkọ́? Wọ́n pe ìpàdé nínú oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó bá lóhun láti sọ wá sí gbọ̀ngán, agogo méje ìrọ̀lẹ́. Mo wo orúkọ àwọn tó wá, kò sí tiyín, kò sí ti Paraschiva tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ẹni tí wọ́n pè tí kò lọ, kí ló tún fẹ́ bá ẹni tó dáhùn jà fún? Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ará abúlé wa kórìíra igi. Ojú ń tì mí níwájú àwọn tá a jọ wà níbí.

Bàtà nìyí, àti òróró méjì. Ẹ máa fi pa á kí ẹ tó sùn, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá rántí.

Ọmọ yín,
Lavinia


Lunca Seaca
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹrin

Lavinia,

Mo gba bàtà. Ó bá mi mu gẹ́lẹ́. Ó sì dùn mí pé ó bá mi mu, torí mo ti fẹ́ dá a padà.

Agogo méje ìrọ̀lẹ́! Ta ló tọ́ ọ dàgbà? Ṣé ẹran inú ike tí ò ń jẹ níbẹ̀ ló mú ọ gbàgbé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábúlé yìí ní agogo méje ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù Kẹsàn-án? Jẹ́ kí n rán ọ létí. Trandafir darandaran á fọn ìwo rẹ̀ lórí òkè, agbo á máa bọ̀ pẹ̀lú eruku, màlúù kọ̀ọ̀kan á sì yà sí ilé ara rẹ̀ láìsí ẹni tó júwe ọ̀nà fún un. Ẹni tí kò bá ṣí géètì, tirẹ̀ á dúró síta, á máa ké tí gbogbo àdúgbò á fi gbọ́. Ọmú á ti le bí òkúta. Ìwọ fúnra rẹ lo máa ń ṣí géètì nígbà tí o wà ní kékeré. O máa ń jókòó lórí pákó rẹ̀, wàá máa ṣépè fún ẹni tó bá dí ọ lójú.

Ìgbà yẹn ni wọ́n wá pèpàdé. Ta ló ráyè lọ? Tíṣà lọ, oníṣọ́ọ̀bù lọ, àlùfáà lọ, gbogbo àwọn tó ń ra wàrà nínú páálí lọ. Àwa tó ni pápá wà lábẹ́ màlúù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Torino àti Madrid, wọ́n fi ìpàdé ránṣẹ́ bá yín lórí ọbẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Tiwa, wọ́n fá a, wọ́n tún ní a ò sọ pé abẹ ń dùn wá.

Àti pé èmi kórìíra igi? Èmi Saveta? Ta ló gbin plọ́ọ̀mù mẹ́rin tó wà lẹ́yìn ilé? Èmi náà wà lórí tábìlì lóru ọjọ́ yẹn, kì í ṣe fóònù ni mo fi gbọ́ ìró omi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé níbo ni kí a gbin igi sí, mo lóhun tí mo máa sọ. Kò sí ẹni tó bi mí.

Oníṣòwò màlúù kan ti wá wo Dumana. Ó fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó la ẹnu rẹ̀ wò, ó ń pè é ní "ẹran". Mo ní Dumana lorúkọ rẹ̀, torí ọjọ́ Àìkú ni wọ́n bí i, kì í ṣe ẹran. Mo ní kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ Jọ́ọ̀jì Mímọ́. Bí agbo bá jáde láìsí Dumana lọ́jọ́ náà, yóò mú un lọ.

Má fowó ránṣẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó.

Ìyá rẹ


Torino
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹrin

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀, ẹ dákun. Mo ka lẹ́tà yín ní ilé ìdáná, mo sì sunkún títí Signora fi ní ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, ìyá mi ló bá mi wí, ó sì tọ́. Agogo méje. Báwo ni mo ṣe gbàgbé? Mo ṣì lè gbọ́ ìwo Trandafir bí mo bá pa ojú dé. Mo kàn ka agogo méje bí ẹni tó ń gbé ìlú ńlá ṣe ń kà á, ìgbà tí iṣẹ́ ti parí.

Mo kọ̀wé sí Ilinca, ọmọbìnrin tí ìjọba ìbílẹ̀ fi sídìí ètò náà. Mo rò pé kò ní dáhùn. Ó dáhùn lọ́jọ́ kejì. Ìlú ńlá ni wọ́n ti bí i, Màmá, kò fún wàrà rí. Ó ní òun dúró nínú gbọ̀ngán lọ́jọ́ náà, òun ń wo àga tó ṣófo, òun sì rò pé àwọn ará abúlé ò ka ọ̀rọ̀ náà sí ni. Ó ní òun máa pe ìpàdé mìíràn, àti pé kí ẹ̀yin mú ọjọ́ àti wákàtí. Ẹ má tíì ta Dumana. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ bi yín. Ẹ má bínú, ẹ kọ́kọ́ jókòó kí ẹ tó kà á. Ìpàdé tuntun tí ẹ máa pè yìí, ta ni ẹ máa pè síbẹ̀? Àwọn tó ní màlúù? Zambila ò ní màlúù. Ọkọ rẹ̀ ló ń da ti gbogbo yín, ó ń lọ jẹun láti ilé dé ilé bí ẹ ṣe ń gba á yíká, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà Roma bíi tirẹ̀ tó wà ní Ìsàlẹ̀ Odò ò ní ìpín nínú pápá. Bí odò bá sì kún, ọ̀dọ̀ wọn ló ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀yin lẹ ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ta wá ni olórí odò?

Ọmọ yín tó ń bẹ̀bẹ̀,
Lavinia


Torino
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Karùn-ún

Màmá mi,

Nelu ti wá lẹ́ẹ̀mejì, kò mú nǹkan kan wá láti ọ̀dọ̀ yín. Ó ní òun rí yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kàn juwọ́ sí òun, ẹ wọlé. Ṣé ara yín ò yá ni? Ṣé ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa Zambila ló bí yín nínú? Ẹ bú mi, ó sàn ju kí ẹ dákẹ́ lọ.

Mo ti rí àwòrán. Gbogbo àwa tá a wà níta la ti rí i. Gbogbo igi kéékèèké tí wọ́n gbìn sétí odò, wọ́n ti gé e ní àgédànù, ó ku kùkùté. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé àwọn tó ní màlúù ló ṣe é láti fi hàn pé àwọn ò fẹ́ ètò náà. Wọ́n ní alága ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ ti pápá pa pátápátá, kò ní sí màlúù kankan tó máa wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹnìkan ní Madrid kọ ọ́ pé, "Ìyá Lavinia ni kí ẹ bi, òun ló ń pariwo jù."

Màmá, mo gbà yín gbọ́. Mo bá wọn jà, mo ní ìyá mi kì í gé igi tó ń hù. Ṣùgbọ́n lóru, nígbà tí Signora bá sùn, mo máa ń rántí bí ẹ ṣe bínú tó nínú lẹ́tà ọjọ́ yẹn. Ẹ dákun, ẹ sọ fún mi. Ṣé ọwọ́ yín wà níbẹ̀? Dumana ńkọ́?

Lavinia


Lunca Seaca
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Karùn-ún

Lavinia ọmọ mi tí kò sí nílé,

Ṣé o jókòó? Pe màmá àgbà kí òun náà jókòó, kí o túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, torí ẹ̀rín ti pọ̀ jù fún ẹnìkan.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Ọwọ́ Paraschiva wà níbẹ̀. Ọwọ́ àlùfáà wà níbẹ̀. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n kọ̀wé, kì í ṣe ìbínú. Mo jókòó ti bébà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo kọ "Lavinia ọmọ mi", bírò sì dúró.

Kí la máa ń ṣe ní ìdájí ọjọ́ Jọ́ọ̀jì Mímọ́? Bí o bá gbàgbé èyí náà, a jẹ́ pé o ti di ará Ítálì pátápátá. A máa ń lọ sétí odò kí ilẹ̀ tó mọ́, láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, láti gé ẹ̀ka igi etí odò, èyí tó rọ̀ bí okùn tí ewé rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́. A ó gún un mọ́lẹ̀ lẹ́nu géètì kí àwọn àjẹ́ má baà fa wàrà màlúù wa lọ. Ìyá mi ṣe é, ìyá ìyá mi ṣe é. O sì mọ̀ pé omíyalé ti wú gbogbo igi etí odò ńláńlá lọ. Láti ọdún méjì la ti ń wá ẹ̀ka kiri, tá a ń fi ewé lásánlàsàn ṣe é, tí wàrà sì ń rẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí Paraschiva ṣe wí.

Lọ́dún yìí, mo dé etí odò, mo rí i: igi kéékèèké, tútù yọ̀yọ̀, ó ga dé àyà mi, ó tò lọ bẹẹrẹ bí ẹni pé wọ́n gbìn ín fún wa. Mo ní Ọlọ́run ṣeun. Mo gé tèmi, mo dákẹ́, mo lọ. Lavinia, wọ́n gbìn ín lóòótọ́! Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ló gbìn ín kí yìnyín tó bọ́. Àwa rò pé inú wáyà nìkan ni igi ètò náà wà. Wọ́n sọ ọ́ nípàdé pé àwọn máa gbin etí odò náà, ṣùgbọ́n o mọ ibi tá a wà nígbà ìpàdé. Nígbà tí wọ́n sì ń gbìn ín, ó dà bí igi ìdáná tí ẹnìkan gún mọ́lẹ̀. Olúkúlùkù wá lọ ní ìdájí, ẹnìkan ò bá ẹnìkan sọ̀rọ̀, ẹnìkan ò mọ̀ pé ẹnìkejì lọ. Bá a ṣe fá a tán nìyẹn.

Ilẹ̀ mọ́. Ilinca dé. Ó ti rí kùkùté létí odò, ó ti sunkún, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń gòkè bọ̀ láti wá mú ọ̀daràn. Ó wo géètì mi, ó rí igi rẹ̀. Ó wo ti Paraschiva, ó rí igi rẹ̀. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, gbogbo géètì abúlé títí dé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń fi igi rẹ̀ kí i káàárọ̀. Paraschiva tí kò tíì mọ nǹkan kan ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi, ó yẹ kí ìwọ náà lọ gé tìrẹ, ó pọ̀ lọ́dún yìí!" Ilinca jókòó sórí òkúta. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe?" Mo sọ fún un pé àjẹ́ ni. Ó ní, "Àjẹ́ wo?"

Ojú tì wá. Ẹ̀rín kọ́ nígbà yẹn o. Alága dé ní ọ̀sán pẹ̀lú ariwo, ó ní àwọn tó ní màlúù mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó ní òun ti pápá pa. Agbo tó yẹ kó jáde lọ́jọ́ náà padà sínú ọgbà. Dumana ké títí ilẹ̀ fi ṣú. Oníṣòwò màlúù dé lọ́jọ́ kẹta, ó mú okùn lọ́wọ́. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Mo tún bẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ kejì. Ìgbà yẹn ni lẹ́tà rẹ dé, o ń bi mí bóyá ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ìyá alága ló kọ́kọ́ tú u. O mọ Floarea, arúgbó náà ò bẹ̀rù ọmọ rẹ̀. Ó dá alága dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ó ní, "Ìwọ tó ń wá ọ̀daràn, ṣé o ti wo géètì ara rẹ?" Ẹ̀ka wà níbẹ̀ o! Èyí tó gùn jù lábúlé! Òun ìyá ló gún un síbẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ní ìdájí, bó ti ń ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó ní, "Mú mi lọ sí àtìmọ́lé, ṣùgbọ́n ra oúnjẹ mi dání." Gbogbo èrò ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín, alága náà gbìyànjú títí láti mú ojú le, kò lè ṣe é, ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ di ti ẹbí.

Ó ní kí Ilinca pe ìpàdé. Ilinca wá bá mi, ó ní, "Màmá Saveta, ẹ̀yin ni kí ẹ mú wákàtí." Mo mú ọ̀sán Sátidé, lẹ́nu ọ̀nà pápá, lórí koríko. Gbogbo àwọn tó ní màlúù wá. Mo gbéra láti sọ̀rọ̀, mo ti kó ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́jọ jọ sínú. Mo kàn la ẹnu ni, ẹnìkan ké láti òdìkejì odò. Zambila ni. Gbogbo Ìsàlẹ̀ Odò dúró tì í lẹ́yìn, ọmọdé, àgbà, wọ́n ń wò wá láti etí omi bí ẹni tó wá wo ìgbéyàwó tí wọn ò pè é sí. Ó ní, "Ẹ̀yin ará òkè! Ṣé omi nìkan ni yóò máa pè wá sí ìpàdé ni?"

Lavinia, ọ̀rọ̀ rẹ padà wá bá mi. Nígbà tí mo kà á, mo bínú sí ọ gidi, mo ní ọmọ yìí ti mọ̀wé jù. Mo wo Trandafir. Ó fara ti ọ̀pá rẹ̀ láàárín wa, ó ń wo ilẹ̀. Ọkùnrin yìí ń jẹun nílé mi bó bá yí kàn mí, mo máa ń bi í léèrè ẹsẹ̀ Dumana, ọmú Dumana, ìgbẹ́ Dumana. Mi ò bi í léèrè ibi tó ń sùn láti ọjọ́ tí ilé rẹ̀ ti bá omi lọ. Inú àgọ́ ni, pẹ̀lú ìyàwó àti àna rẹ̀.

Mo gbé ohùn sókè, mo ní, "Ẹ máa bọ̀! Kí ni ẹ ń ṣe lọ́hùn-ún?" Zambila ní, "Afárá dà?" Òótọ́ ni, kò sí afárá. Ó bọ́ bàtà, ó ká aṣọ sókè, ó la odò kọjá, gbogbo wọn sì tẹ̀lé e. A bẹ̀rẹ̀ ìpàdé lákọ̀tun.

Ariwo wà níbẹ̀, má rò pé kò sí. Paraschiva ní ẹni tí kò ní màlúù ò lè sọ̀rọ̀ lórí pápá. Zambila ní òun náà ní pápá lẹ́ẹ̀kan, inú yàrá òun ni, omi ló gbìn ín. Ọ̀rọ̀ náà pa Paraschiva lẹ́nu mọ́, ohun tí mi ò rí rí nìyẹn. Ilinca tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí koríko, a fi bàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́. Kò bá wa jà. Ó ṣàlàyé ibi tí omi ti ń yára, àwa náà sọ ibi tí màlúù ti ń mu omi, Zambila fi ẹsẹ̀ fa ìlà ibi tí odò ti kọ́kọ́ ń yà wọlé wọn. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, a ti fẹnu kò. Etí odò ní apá ọ̀dọ̀ Zambila ni igi yóò kọ́kọ́ wà. A fi ojú ọ̀nà kan sílẹ̀ fún màlúù láti dé omi. Igbó gba òkè pápá tó ti gbẹ, tí koríko kì í hù sí dáadáa, wáyà á sì kúrò nísàlẹ̀. Bí pápá bá tún fún lọ́dún kan, ẹni tó ní ẹyọ kan ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Alága ní afárá ló máa ṣáájú ohun gbogbo. A ní a ti gbọ́, a máa rí i.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ igi. Ilinca ní kò sí igi mìíràn lọ́dún yìí, ohun tí wọ́n fún òun lòun ti gbìn. Ó tẹ̀lé mi lọ sílé láti mu omi. Nígbà tó dé géètì mi, ó di ẹ̀ka náà mú, ó fà á bí ẹni tó fẹ́ wú ẹ̀rí kúrò nílẹ̀. Kò tètè jáde. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó jáde, mo rí gbòǹgbò. Funfun, wẹ́wẹ́, bí irùngbọ̀n ewúrẹ́. Òjò tó ti ń rọ̀ láti ọjọ́ Jọ́ọ̀jì Mímọ́ ti mú un hù! Ta ni kò mọ̀ lára wa pé igi etí odò kì í kú bí o bá gún un mọ́ ẹrẹ̀? Gbogbo wa la mọ̀. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí a wò ó. Ilinca bú sẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi, ẹrẹ̀ sì kún èjìká mi. A sáré láti géètì dé géètì, Paraschiva ń sáré lẹ́yìn wa pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Àwọn kan ti gbẹ, púpọ̀ ti hù. Kùkùté tó wà létí odò náà ti ń rú. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Lọ́jọ́ Àìkú, olúkúlùkù ru ẹ̀ka tirẹ̀ lọ sétí odò. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Odò gbẹ́ ihò, àwa gbìn ín sínú rẹ̀. Alága gbé ti ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, Trandafir fọn ìwo. Dumana jáde, Lavinia. Ó jáde! Ó kọjá níwájú oníṣòwò màlúù tó dúró ti ọkọ̀ rẹ̀, kò wò ó. Mo dúró lẹ́nu géètì, mo sunkún bí ẹni tó mú ọmọ lọ sílé ọkọ.

Ìyá rẹ tó ti sùn dáadáa,
Saveta


Torino
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹfà

Màmá mi,

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Signora títí dé ibi ìyá alága, ó rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ fi já bọ́. Ó ní kí n tún un kà. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọkàn mi balẹ̀, ó balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Mo fi ọ̀rọ̀ náà han àwọn tó ń bú yín. Nígbà tó yá, ẹni tó wà ní Madrid kọ ọ́ pé ìyá òun náà gé tirẹ̀.

Wọ́n ti fún mi ní ìsinmi, mò ń bọ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ béèrè ohun kan. Bí wọ́n bá tún fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù, ṣé kí n máa dáhùn, àbí kí n panu mọ́?

Lavinia


Lunca Seaca
Ọjọ́ ogún, oṣù Kẹfà

Lavinia ọmọ mi,

A ti bá ọ jíròrò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pápá. Zambila ló dá àbá náà, Paraschiva sì kín in lẹ́yìn, àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́ tí ń bú ara wọn. Wọ́n ní kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níta máa sọ̀rọ̀, torí omi ò kan àwa nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ilé, kí ẹ tó tẹ nǹkan kan. Ẹni tó bá sì fẹ́ ní ohùn gbọ́dọ̀ ní igi. Èyí tó wà lẹ́nu géètì wa ni mo gbìn ní orúkọ rẹ, lápá ọ̀dọ̀ Zambila. Ó ti ní ewé mọ́kànlá. Trandafir ń bá ọ bomi rin ín, ó ní o jẹ òun ní oúnjẹ kan.

Nelu ní bọ́ọ̀sì yóò dé ní ìrọ̀lẹ́. Má retí pé màá wá pàdé rẹ ní ìdíkọ̀, agogo méje ni, o ti mọ ibi tí mo máa wà. Máa bọ̀ nílé tààrà. Jókòó sórí pákó rẹ, kí o ṣí géètì fún Dumana.

Ìyá rẹ,
Saveta